Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Gálọ́ọ̀nù

Ìkúnlẹ̀ ló kọ́kọ́ dójú tì mí ní Kúmásì. N kò tí ì pẹ́ tí mo débẹ̀ rárá. Hájíà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo wá bá, mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Asafo, níbi tó ti ń ta epo ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ni bàbá àgbàlagbà kan tó ró aṣọ dúdú, tó ju etí aṣọ náà sí èjìká, yà wá kí wa. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Bàbá náà ta sẹ́yìn bí ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ iná.

"Sɔre! Sɔre!" ló ń pariwo, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì fà mí dìde. Àwọn awakọ̀ tó ń mu kókó gbígbóná níta na ọrùn wò wá.

"Dìde, ọmọ mi," Hájíà sọ fún mi ní Yorùbá. "Wọn kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn níbí. Ẹni tó bá ṣẹ̀, tó wá ń bẹ̀bẹ̀, ló ń kúnlẹ̀. Ó rò pé o ti ṣe òun ní nǹkan ni."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Gbogbo ọjọ́ yẹn, n kò mọ bí mo ṣe lè kí èèyàn mọ́. Bí àgbà kan bá wọlé, màá tẹ̀ díẹ̀, màá tún na ara mi, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

Ọkọ mi ló kú tí mo fi kúrò nílé. Àìsàn tí a pè ní ibà lásán ló gbé e lọ, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi ju ọmọbìnrin kan, Mọ̀ríámọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já geere nígbà náà. A kò tí ì bọ́ sí ìta ọ̀fọ̀ dáadáa nígbà tí Hájíà ránṣẹ́ láti Gánà pé òun ń wá ẹni tó mọ̀wé, tó sì lè pa ẹnu mọ́, kó wá bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti fọ́n ká, àwọn kan wà ní Akra, àwọn yòókù ti gba ìlú òyìnbó lọ. Màámi ní kí n lọ, kí n fi ọmọ sílẹ̀ fún òun títí n ó fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Gbogbo ẹbí ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: títí n ó fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ilẹ̀ wo.

Krofrom ni ilé Hájíà wà, nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń gbé kí wọ́n tó bí i. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ọ̀yọ́ kún àdúgbò náà, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti gbé ẹrù aṣọ débẹ̀ láyé ìgbà tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Gòólù. Mo rò pé ara yóò tù mí láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu wọn dà bí ọ̀nà tó ń lọ tààrà tó wá já sínú odò láìsọ fún èèyàn. Obìnrin kan á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa? Na mmɔfra no nso ɛ?" Ọmọ ló ń béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì dúró bí ère tí mo ń wo ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn a máa sín mi jẹ. Lójú àwọn Asante, Anago ni mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo Yorùbá. Lójú àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Krofrom, "ará Nàìjíríà" ni mí. N kò mọ̀ pé ará Nàìjíríà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, nílé baba mi.

Ìgbà kan tí mo lọ ra ìborùn ní Kejetia, mo sọnù nínú ọjà ńlá náà. N kò rí àtẹ̀gùn tí mo gbà gòkè mọ́ nígbà tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí mo bá bi pé "Asafo?" á nàka síbì kan, ẹlòmíràn á nàka síbòmíràn, àwọn méjèèjì kò sì purọ́. Mo fara ti ògiri, mo fi ìborùn tuntun nu ojú. Èrò ń kọjá lára mi bí omi. Ohun tó dùn mí jù ni pé bí mo bá ṣubú síbẹ̀ kú, kò sẹ́ni tí yóò mọ orúkọ tí wọn ì bá fi ké sí mi.

*

Iṣẹ́ epo kò dà bí mo ṣe rò ó. Mo rò pé oníbàárà á dárúkọ ohun tó fẹ́, èèyàn á gbé e fún un ni. Gálọ́ọ̀nù pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ wúrà, wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù Hájíà láti ilẹ̀ dé àjà, orúkọ lóríṣiríṣi lójú wọn. Àwọn awakọ̀ a máa wọlé, wọ́n á ní, "Hájíà, èwo ló dára jù?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà.

"Mọ́tò wo lo ní?"

Ó kọ́ mi díẹ̀díẹ̀ láti orí àpótí tó máa ń jókòó lé. Ó ní ẹni tó ṣe mọ́tò ló mọ irú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè mu. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé tó bá mọ́tò náà wá: bí ọ́ìlì náà ṣe gbọ́dọ̀ ki tó, àti àmì tó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ́ìlì méjì lè ní kíki kan náà lójú gálọ́ọ̀nù, kí wọ́n má jọra wọn rárá lẹ́yìn.

"Ojú gálọ́ọ̀nù, oníbàárà ni wọ́n kọ ọ́ fún," Hájíà sọ. "Ẹ̀yìn rẹ̀, mọ́tò ni wọ́n kọ ọ́ fún. Orúkọ tó lókìkí kò ní kí ó bá gbogbo mọ́tò mu. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lè jẹ́ òun gan-an ni mọ́tò ń wá."

Ó tún ní kí n máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀. Àwọn kan kọ ọ́ pé àwọn bá ohun tí ilé-iṣẹ́ mọ́tò ń fẹ́ mu. Àwọn mìíràn kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ mọ́tò ti yẹ àwọn wò, ó sì ti fọwọ́ sí i. "Ọ̀tọ̀ ni kí n pe ara mi lọ́mọ ilé, ọ̀tọ̀ ni kí onílé pè mí lọ́mọ. Ẹni tó pe ara rẹ̀ lè má purọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́rìí?"

Ó máa ń ní kí n ka ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù sókè bí oníbàárà bá wà níbẹ̀. "Kà á, kó lè mọ́ ẹ lára." Àwọn awakọ̀ á rẹ́rìn-ín pé Hájíà ń ṣe tíṣà. Èmi náà rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi, títí di àárọ̀ kan tí ọkọ̀ akẹ́rù já ẹrù tuntun fún wa, tí mo sì to gálọ́ọ̀nù sí ibi tí kì í sábà wà. Oníbàárà kan béèrè ọ̀kan. Hájíà dìde, ó na ọwọ́ sí ibi tó máa ń wà, ó gbé òmíràn, ó sì fẹ́ gbé e fún un. Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò wá ojú ìdérí gálọ́ọ̀nù náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yíjú sí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú mi ló ń wò, etí mi ló ń wò.

Mo rọra gba gálọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé èyí tó yẹ. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, Hájíà jókòó.

"Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé," ó ní. "Mo ṣì ń rí àwọ̀. Ìwé ni n kò rí mọ́." Ó fà mí súnmọ́ ara rẹ̀. "Ìyá Mọ̀ríámọ̀, bí wọ́n bá mọ̀ ní ibùdókọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù ti parí. Ta ni yóò ra ọ́ìlì lọ́wọ́ afọ́jú?"

Mo ní kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ìdí tó fi ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ̀wé, tó sì lè pa ẹnu mọ́.

*

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni mo máa ń pe ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Mọ̀ríámọ̀ a máa sunkún lórí fóònù débi pé Màámi á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bi mí pé ọ̀la ni mò ń bọ̀ ni àbí ọ̀tunla. Nígbà tó yá, ẹkún náà dáwọ́ dúró. Mo yọ̀. Mo sọ fún Hájíà pé ọmọ mi ti ń gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo wá kíyè sí i pé bí Màámi bá ní, "Wá bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀," mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sá lọ.

Ọjọ́ kan ó gba fóònù. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Mo ní, "Mọ̀ríámọ̀, ta lò ń kí?" Ó ní, "Àǹtí Kúmásì."

Màámi gba fóònù kíákíá. "Ọmọdé ni, ọmọdé ni," ló ń sọ. "Bí ó bá rí ẹ, á mọ̀ ẹ́." Èmi náà ní ọmọdé ni. Mo lọ fọ ojú mi ní ẹnu ẹ̀rọ, mo sì padà sídìí gálọ́ọ̀nù.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló ṣókùnkùn. Twi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ etí mi láìjẹ́ pé mo mọ ìgbà tó wọlé. Mo rántí àárọ̀ tí awakọ̀ kan àti fítà rẹ̀, bí wọ́n ti ń pe mẹkáníìkì níbẹ̀, ń jiyàn nípa ọ́ìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, tí mo sì dá sí i, tí àwọn méjèèjì sì yíjú sí mi, wọ́n dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo jẹ fùfú wọn lọ́sàn-án, èmi tí n kì í jẹ ẹ́.

Bra Kwabena wà lára ohun tó tù mí nínú. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Techiman ni; Bra ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ béèrè orúkọ ọmọ mi nínú gbogbo ibùdókọ̀ náà. Láràárọ̀, kó tó gba èrò, á yọ orí sí wa, á ní, "Sista, Moriamo ho te sɛn?" Àlàáfíà Mọ̀ríámọ̀ ló ń béèrè. Èmi á ní ara rẹ̀ le. Kò tíì rí ọmọ náà rí, ṣùgbọ́n ó ń dárúkọ rẹ̀, ìyẹn sì tó.

Àárọ̀ kan ó gbé bọ́ọ̀sì tuntun dé. Wọ́n ti lò ó ní ilẹ̀ òyìnbó rí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dán bí ẹ̀yìn ìṣáwùrú. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Ìwé tó bá a wá, èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, a kò sì gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àti àmì kò ní èdè. Mo rí ojú ewé ọ́ìlì, mo ka àmì náà fún Hájíà.

"Asẹ́ wà níbi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde," Hájíà sọ. "Ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ bá pọ̀ á dí asẹ́ náà pa. Kò gbọ́dọ̀ mu ohun tí àwọn yòókù ń mu."

Bra Kwabena nàka sí gálọ́ọ̀nù pupa. Orúkọ tí gbogbo ibùdókọ̀ ń rà ni. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀, mo kà á láti òkè délẹ̀. Kíki rẹ̀ bá a mu, ṣùgbọ́n àmì náà kò sí níbẹ̀. Mo gbé òmíràn tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, aláwọ̀ ewé, orúkọ tí èmi pàápàá kò lè pè dáadáa. Àmì náà wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà ti fọwọ́ sí i.

Bra Kwabena wò ó, ó fajú ro. "Hájíà, èyí? Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Mọ́tò rẹ mọ̀ ọ́n," Hájíà dáhùn.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó gbé aláwọ̀ ewé náà lọ.

*

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú nígbà tí wàhálà dé. Ọ̀sán gangan ni, ibùdókọ̀ kún. Mo gbọ́ ohùn Bra Kwabena kí n tó rí i. Wọ́n ti wọ́ bọ́ọ̀sì náà wálé láti ọ̀nà Techiman. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ó wọlé tòun ti gálọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé tó ti ṣófo, àwọn awakọ̀ sì rọ́ tẹ̀ lé e títí ẹnu ọ̀nà fi dí.

"Ẹ wò ó!" ó ń sọ ní Twi. "Ohun tí wọ́n tà fún mi nìyí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní pupa. Wọ́n ní rárá. Ọ́ìlì tí kò tà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n wá orí mi dà á lé!"

"Kwabena," Hájíà sọ, "jókòó ná. Jẹ́ kí fítà tú ẹ́ńjìnnì náà wò."

"N kò jókòó! Ìwọ lo sọ pé ohun tí mọ́tò mi ń fẹ́ ló wà níbí." Ó na gálọ́ọ̀nù náà sí i láyà. "Kan! Kan ma yɛnte! Kà á! Kà á kí gbogbo wa gbọ́!"

Hájíà gba gálọ́ọ̀nù náà. Mo nawọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n Bra Kwabena fi apá dí mi. "Ìwọ kọ́, Sista. Òun tó ni ṣọ́ọ̀bù ni kó kà á."

Hájíà yí gálọ́ọ̀nù náà sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó lanu bí ẹni tó fẹ́ kà á láti orí, nítorí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù náà kò sí lábẹ́ ìka rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ojú gálọ́ọ̀nù, dípò ẹ̀yìn rẹ̀, ló kọ sí ara rẹ̀. Gbogbo èèyàn rí i. Ariwo náà rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ ọ́ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn: "Ɔnhu adeɛ."

Kò ríran. Ọ̀rọ̀ náà kọjá láti ẹnu dé ẹnu títí dé ìta.

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Ohun tí ìyá mi fi kọ́ mi láti kékeré ni pé bí inú àgbà bá ń ru, kí n kúnlẹ̀, inú náà á rọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bra Kwabena. "Mepa wo kyɛw," ni mo ń sọ, "mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ tẹnu wa."

"Ẹ rí i?" ọkùnrin kan kígbe. "Wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀! Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe!"

"Dìde!" Hájíà pariwo mọ́ mi ní Yorùbá. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Dìde nílẹ̀! A kò ṣẹ̀!"

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti rí mi. Ohun tí wọ́n rí kò ní èdè Yorùbá nínú. Ẹnì kan ní Anago ni wọ́n, kí la ń retí? Bra Kwabena fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì bá ẹni tó sọ ọ́ wí.

*

A ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a rìn lọ sí Krofrom. Hájíà di apá mi mú ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí a délé, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó sì jókòó sórí ẹní láìká a.

"Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé," ó ní, "ìjọba ní kí gbogbo àjèjì jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí. Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. N kò mọ ibòmíràn. Bàbá wa di ẹrù, a wọ ọkọ̀, wọ́n ní ilé là ń lọ. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní ará Gòólù. Wọ́n ní ahọ́n mi wúwo. Mo sunkún fún bàbá mi pé mo fẹ́ relé. Ó ní, ilé nìyí. Mo ní, ilé ta ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ibì kankan. "Bí mo ṣe rí ọkọ tó ń padà bọ̀ níbí, mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé mo ti bọ́. Lónìí ni mo wá mọ̀ pé wọ́n kàn ń rí mi fi ra ọ́ìlì ni."

Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mélòó ni mo lò lọ́dọ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀?

Hájíà ní kí n lọ síbi tí wọ́n bá ti ń tú ẹ́ńjìnnì náà. "Má bá ẹnikẹ́ni jà. Dúró kí o wo ohun tí wọ́n bá rí. Ojú rẹ ni ojú mi."

Ní Suame, níbi tí àwọn fítà pọ̀ sí bí èèrà, mo bá wọn. Bra Kwabena wà níbẹ̀, kò kí mi. Fítà náà, àgbàlagbà tó ń jẹ́ Máásítà Yaw, tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó jáde dúdú, ó ki bí ọ̀dà, ó ń fà. Ó fi ìka méjì pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yí lọ sẹ́yìn, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì pè wá. Epo ti ń jò níbẹ̀ pẹ́, ìdọ̀tí ti gbẹ mọ́ ọn.

"Ó ti ń jò láti ọjọ́ tó ti dé sí ọ lọ́wọ́," ó sọ fún Bra Kwabena. "Ẹ́ńjìnnì tó ń jò báyìí, ọ́ìlì rẹ̀ ì bá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kún un. Níbo lo ti ń rí èyí tí ò ń fi kún un?"

Bra Kwabena ń wo bàtà rẹ̀.

"Kwabena, ìwọ ni mò ń bi."

"Ẹ̀bá ọ̀nà," ó ní nígbẹ̀yìn. "Àwọn tó ń tà á nínú ìgò. Bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, èrò wà nínú mọ́tò, kí ni kí n ṣe? Díẹ̀ díẹ̀ ni."

"Ìgò tí kò ní orúkọ, tí kò ní ẹ̀yìn," Máásítà Yaw sọ. Ó nu ọwọ́. "Kì í ṣe ọ́ìlì Hájíà ló wà níbí mọ́. Ti Hájíà ti jò sílẹ̀ tipẹ́."

Mo dúró, mo ń retí pé kí Bra Kwabena yíjú sí mi. Ó yí i, lóòótọ́. Ó ní, "Sista," ó sì tún yíjú padà sí ẹ́ńjìnnì.

Àwa mẹ́ta péré la wà nídìí ẹ́ńjìnnì náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó dí ẹnu ọ̀nà wa, kò sí ọ̀kan nínú wọn.

*

Ó wá bẹ̀ Hájíà nílé ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé páálí mọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sunkún díẹ̀ pàápàá. Bọ́ọ̀sì náà ni gbogbo ohun tó ní láyé, inú ìbànújẹ́ ló sì ti sọ̀rọ̀. Hájíà gbọ́ ọ dópin.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ó ní. "Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn fún ẹ. Ṣùgbọ́n, Kwabena, ìta lo ti pariwo. Inú ilé lo ti ń bẹ̀bẹ̀."

Ó ní òun máa sọ fún wọn ní ibùdókọ̀. Bóyá ó sọ, n kò mọ̀. Àwọn díẹ̀ padà wá. Àwọn mìíràn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yọjú wo orí àpótí tí Hájíà máa ń jókòó lé, wọ́n á sì kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́ìlì mọ́. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n rí, kò sì sí fítà tó lè tú ìyẹn palẹ̀.

Hájíà kò padà sí Asafo mọ́. Dókítà ní àrùn ojú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í dunni, tó ń jí ìmọ́lẹ̀ kó díẹ̀díẹ̀, àti pé ohun tó ti lọ kò lè padà. Láìpẹ́, àwọ̀ tó ṣì ń rí náà lọ. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù nìkan, mo ń ka ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù nìkan. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mo ṣì ń kà á sókè nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí mo bá délé, Hájíà á ní kí n sọ gbogbo mọ́tò tó wá fún òun, àti ohun tí mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò wá, mo máa ń hùmọ̀ mọ́tò méjì tàbí mẹ́ta fún un. Mo rò pé ó mọ̀. Ó máa ń sọ pé, "O ṣeun," lẹ́yìn tí mo bá parí.

Nígbà Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé. Hájíà ló ní kí n lọ, ó ní àwọn obìnrin agbo ilé á máa wo òun. Ògbómọ̀ṣọ́ ti yí padà, tàbí èmi ni. Mo ń kí àwọn àgbà, ìkúnlẹ̀ mi ń pẹ́ kó tó dé ilẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń ta àkàrà fún mi ní àkàrà, mo fi Twi dúpẹ́, mo ní, "Medaase." Ó ní, "Kí lẹ wí?"

Mọ̀ríámọ̀ ti ga. Ó sá sẹ́yìn Màámi nígbà tí mo wọlé, ó ń fi ojú kan wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀. Mo ti ń fi gbogbo ọ̀nà rò ó pé á fò mọ́ mi. Mo tọ́jú rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ẹyẹ tó fẹ́ fò, n kò fà á, n kò pè é ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń súnmọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ó jẹun nínú àwo mi. Ó jẹ́ kí n wẹ̀ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá fúnra rẹ̀ pé kí n dirun fún òun, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí sáàárín itan mi. Oòrùn gbóná díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Òórùn orí rẹ̀ kò yí padà.

"Àǹtí Kúmásì," ó ní.

"Màmá ni, ọmọ mi."

Ó rò ó wò. "Màmá Kúmásì."

"Ẹn, ọmọ mi."

"Ìgbà wo lẹ máa lọ sílé yín?"

Màámi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà dáwọ́ dúró. Kò gbójú sókè. Mo di ìyarun mú. Mo wá ohun tí màá sọ fún un, mo fẹ́ ní ilé mi nìyí, nínú yàrá yẹn ni mo bí ẹ sí, bàbá ẹ ló gbin igi tó wà níta yẹn. Ṣùgbọ́n mo rántí pé Hájíà ti ní kí n má pẹ́, pé òun kò gbádùn ohùn àwọn obìnrin agbo ilé. Mo ya irun tó kù sí méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di í.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ni mo dá a lóhùn.